Ilé-Ẹ̀kọ́ Ijó Ballet ní Kúbà: Ohun Tí Ọmọ Awakọ̀ Kan Kọ́ Níbẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Pedro Acosta kì í sọ èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí òwe náà ń wí. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ní àdúgbò Los Pinos, ní ẹ̀yìn ìlú Havana tí í ṣe olú-ìlú Kúbà. Carlos, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́kànlá, kò fẹ́ràn ohun mìíràn ju bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti ijó ìgboro lọ. Ní ọdún 1982, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 9, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó ballet. Ọmọ náà kò fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ijó obìnrin ni ó lọ kọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í gba owó, wọ́n ń fún ọmọ ní oúnjẹ, kò sì sí àyè ìwàkiwà níbẹ̀. Ohun tí bàbá náà ń wá gan-an nìyẹn.

Kí ọmọ awakọ̀ tó lè wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ohun púpọ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ballet kì í ṣe ijó Kúbà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ààfin àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ítálì àti ti àwọn ọba Faransé ni ó ti jáde wá. Ní ọdún 1661, Ọba Louis Kẹrìnlá dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ijó sílẹ̀ ní Paris. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn ìgbésẹ̀ inú ijó náà fi jẹ́ èdè Faransé títí di òní, ìbáà jẹ́ Rọ́ṣíà tàbí Kúbà ni a ti ń kọ́ ọ. Nígbà tí ó dé Havana, àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó kọ́kọ́ bá pàdé. Ní ọdún 1931, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Pro-Arte Musical ṣí kíláàsì ijó fún àwọn ọmọ wọn, ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Yavorsky, sì ni olùkọ́. Lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé ni ọmọbìnrin kan tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Alicia Alonso.

Alicia àti Fernando Alonso, ẹni tí ó fẹ́, lọ sí New York ní ọdún 1937 láti tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1941, awọ inú ẹyinjú Alicia yà kúrò ní àyè rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì ní kí ó dùbúlẹ̀ láìmira fún oṣù púpọ̀. Ní orí ibùsùn yẹn ni Fernando ti ń fi ìka ọwọ́ kọ́ ọ ní àwọn ìgbésẹ̀ ijó Giselle, ìka ń rìn bí ẹsẹ̀ ti í rìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1943, olórí oníjó tí yóò jó Giselle ní New York ṣàìsàn, Alicia sì bọ́ sí orí ìtàgé dípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí tí ó fi kú ní ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 98.

Ní ọdún 1948, àwọn Alonso dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ ní Havana, wọ́n sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ní 1950. Alicia ni gbogbo ènìyàn ń wò lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n Fernando ni olùkọ́. Ó kọ́ nípa egungun àti iṣan ara, ó wo ọgbọ́n àwọn ará Rọ́ṣíà, Ítálì, Faransé àti Amẹ́ríkà, ó sì mú èyí tí ó bá ara ọmọ Kúbà mu nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń pè ní ọ̀nà ijó ballet ti Kúbà lónìí, tí a mọ̀ mọ́ fífò sókè, yíyí bí òkòtó àti bí ọkùnrin ti í bá obìnrin jó, inú iṣẹ́ yẹn ni ó ti wá.

Ìyípadà ńlá dé ní ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Batista ṣubú. Ìjọba Fidel Castro fún ẹgbẹ́ oníjó náà ní 200,000 dọ́là, ẹ̀kọ́ ijó sì di ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, owó nìkan kò yanjú ọ̀rọ̀. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọkùnrin wọn kọ́ ijó yìí rárá. Fernando wá lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ òrukàn ní Havana láti ṣa àwọn ọmọkùnrin tí kò ní bàbá tí yóò kọ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Jorge Esquivel, dàgbà di ẹni tí ń bá Alicia Alonso fúnra rẹ̀ jó. Ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un ni ó wá di òpó ijó orílẹ̀-èdè.

Ní ọdún 1961, ìjọba náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sí orí pápá gọ́ọ̀fù àwọn olówó ní Havana. Ayàwòrán-ilé ará Ítálì, Vittorio Garatti, ni ó ya ti ballet. Irin àti sìmẹ́ǹtì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà bíríkì ni wọ́n fi mọ àwọn òrùlé onírìísí igbá náà. Ní 1965, wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, igbó sì bo ilé tí a kò parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò dúró. Inú àwọn ilé mìíràn ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ijó, nítorí olùkọ́ wà, ọ̀nà ìkọ́ni sì wà.

Báwo ni ìgbésí ayé akẹ́kọ̀ọ́ ti rí níbẹ̀? Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 9 tàbí 10. Kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, wọ́n á wo bí ara rẹ̀ ti rọ̀ tó, bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti rí, àti bóyá etí rẹ̀ gbọ́ orin. Ìdajì ọjọ́ jẹ́ ti ijó, ìdajì yòókù jẹ́ ti ìṣirò, ìtàn àti àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ń kọ́. Àwọn ọmọkùnrin ń kọ́ fífò àti yíyí. Àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ bí a ti ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà olóríi líle. Ìdánwò wà lọ́dọọdún, ẹni tí kò bá yege yóò kó ẹrù rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́nà kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á di ọ̀pá tí a kàn mọ́ ògiri mú, yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò sì nà án padà. Ìgbésẹ̀ tí ọmọ ọdún 9 fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó ti jó fún ogún ọdún fi ń bẹ̀rẹ̀. Dígí wà níwájú, olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí ibi tí a lè fi àléébù pamọ́ sí. A lè kọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé mọ́jú kí a sì yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ́ ara mọ́jú.

Carlos Acosta kò tètè gba ẹ̀kọ́ yìí. Ó ń sá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi lé e dànù. Bàbá rẹ̀ kò gbà. Ó wá àyè fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní Pinar del Río, ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà, tó jìnnà sí ilé. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13, Carlos rí àwọn àgbà oníjó ballet ti Kúbà lórí ìtàgé, ó rí bí ọkùnrin kan ti fò sókè bí ẹni pé kò ní balẹ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ni ó pinnu. Olùkọ́ rẹ̀, Ramona de Sáa, ni ó gbé e dé ibi ìdíje ní Lausanne, ní Switzerland, ní 1990, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà lẹ́ni ọdún 16. Lẹ́yìn náà, ó jó ní Houston, ó sì lo ọdún 17 ní ẹgbẹ́ Royal Ballet ní London, níbi tí ó ti jẹ́ ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jó ipa Romeo. Láti ọdún 2020 ni ó ti ń darí Birmingham Royal Ballet.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ túká, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí oko ìrèké Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lùkùmí. Pedro Acosta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó di òrìṣà mú níbẹ̀. Nínú fíìmù Yuli, tí wọ́n ṣe ní 2018 nípa ìgbésí ayé ọmọ náà, bàbá rẹ̀ kà á sí ọmọ Ògún, jagunjagun. Ijó ààfin ọba Faransé wá di ohun tí ọmọ Ògún fi dá bírà.

Iyì náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà èwe ni owó tí àwọn ọmọ wọ̀nyí fi san án, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni Carlos fi gbé láìsí ìyá àti bàbá rẹ̀ nítòsí. Orílẹ̀-èdè náà pàápàá san tirẹ̀: àìmọye oníjó tí Kúbà kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó ti fi ilé sílẹ̀ lọ jó ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn mìíràn kò sì padà wá mọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ń bá ọ̀nà òkè òkun lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó kù sílẹ̀ ṣe kedere. Ẹ̀bùn lè wà lára ọmọ tí kò fẹ́ ẹ, tí òbí rẹ̀ kò sì lè sanwó rẹ̀. Àfi kí ènìyàn mẹ́ta pàdé kí ó tó yọrí: òbí tí kò gba “rárá” ọmọ, olùkọ́ tí kò fi iṣẹ́ ṣeré, àti ìjọba tí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọmọ tálákà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọmọ náà yóò padà sí ìgboro. Ilé tí a kò parí ní Havana ti di àlàpà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a kọ́ kò di àlàpà.