Ọjọ́ Tí Ooru Fẹ́ Dá Schirra Padà

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá, 1962. Aago Nàìjíríà ni mo fi ń kà á, torí ilẹ̀ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Aago 1:15 ọ̀sán. Ní Cape Canaveral, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ pẹ́, Walter Schirra gbéra nínú ọkọ̀ òfúrufú Sigma 7. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi ìrìn àjò náà dán wò.

Kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ń kọjá níhà Kánò, níbi tí àwọn Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó sí láti máa bá ẹni tó wà lókè sọ̀rọ̀. Òmìnira wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì àti ọjọ́ méjì ni.

Ẹni tí oòrùn bá pa ní Igangan á bọ́ sábẹ́ igi, atẹ́gùn á fẹ́ sí i. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí atẹ́gùn tí yóò gbé ooru lọ. Ọgbọ́n àmù ni wọ́n dá sí i: omi tó ń rin jáde lára àmù, bó ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ, tí èyí tó wà nínú fi ń tutù. Nínú Sigma 7, omi ń fà gbẹ sójú òfúrufú, ó sì ń gbé ooru ara awakọ̀ dání. Régúlétọ̀ kan ló ń sọ bí omi náà yóò ṣe pọ̀ tó.

Nǹkan bí aago 2. Aṣọ Schirra ń gbóná, kò sì dẹ̀. Ooru ti fòòró Scott Carpenter, awakọ̀ tó lọ ṣáájú rẹ̀, nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nítorí náà ọkàn àwọn tó wà nílẹ̀ kò balẹ̀.

Aago 3 kù díẹ̀. Ìyípo kìíní ń parí lọ. Ṣé kí ó sọ̀ kalẹ̀? Christopher Kraft, ọ̀gá àwọn tó wà nílẹ̀, bi Frank Samonski tó ń mójú tó atẹ́gùn àti ooru inú ọkọ̀. Samonski ní kí wọ́n fún un ní ìyípo kan sí i.

Sùúrù Schirra wú mi lórí. Bí ooru bá mú èèyàn, ọwọ́ á fẹ́ yí régúlétọ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí omi bá pọ̀ jù, yóò di yìnyín, yóò dí ọ̀nà, ìtutù á sì tán. Schirra yí i díẹ̀, ó dúró wò ó, ó tún yí i díẹ̀. Nínú ìyípo kejì ni ara tù ú.

Ó yípo ayé lẹ́ẹ̀mẹfà. Aago 10:28 alẹ́, ó bọ́ sínú òkun Pàsífíìkì nítòsí ọkọ̀ ogun Kearsarge.

Àwa náà ti ń rán nǹkan lọ sókè: ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, 2017, NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́, gòkè. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní Igangan, Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà, ẹ gbé àmù wọ kíláàsì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi tẹmómítà wọn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tutù fúnra wọn.