Lẹ́tà, ọkọ̀ àti Odò Ọya: bí iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn kan ṣe dúró àti bí ó ṣe túká



Láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà ti ti gbogbo ayé mọ́lé, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ ní ilé ìwé àti níbi iṣẹ́ ni pé nǹkan tuntun ti dé, pé ènìyàn lè jókòó sí Leeds kí ọ̀gá rẹ̀ wà ní Toronto, kí àwọn méjèèjì má sì fojú kan ara wọn fún ọdún méjì, síbẹ̀ kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ wọn bí a ti í ṣe é. A kò bá wọn du owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn ilẹ̀ wa yóò rí i pé àwọn baba wa ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ọ̀gá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí òṣìṣẹ́ wà ní Onitsha, tí kò sí tẹlifóònù, tí lẹ́tà nìkan sì ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí náà fọ́n ká ìlú púpọ̀, a sì mọ ohun tí ó ń ná wa kí a tó lè jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kékeré. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ìtàn yìí kò ní sú yín.

Ilé iṣẹ́ tí a ń wí ni C.M.S., ẹgbẹ́ oníwàásù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799. Ọ́fíìsì wọn wà ní Salisbury Square, nítòsí Fleet Street. Ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé wọn láti 1841 títí di 1872 ni Henry Venn, àlùfáà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí títí ó fi kú ní 1873. Láti orí tábìlì yẹn ni ó ti ń darí àwọn ènìyàn ní Sàró, ní Àgbádárìgì, ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn àti lẹ́bàá Odò Ọya. Ohun tí ó ń lé ni kí ìjọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì tan ara rẹ̀ kálẹ̀, kí àwọn òyìnbó lè gbé ẹrù wọn lọ síbòmíràn.

Báwo ni ó ṣe ń mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀? Òfin kan wà: òyìnbó ni ọ́ o, ọmọ Sàró ni ọ́ o, dandan ni kí o máa kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ, kí o sì fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí o lọ, ẹni tí o bá pàdé, ohun tí o wí fún un àti ohun tí òun náà fi dá ọ lóhùn, ogun tí ó dí ọ̀nà, ọmọ tí ó kú, gbogbo rẹ̀ ni kí o kọ. Nínú ìwé wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń rí púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa ilẹ̀ Yorùbá ayé ìgbà náà. Wọ́n a sì máa tẹ apá kan nínú wọn sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, bíi Church Missionary Intelligencer, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí oníwàásù kan kọ lábẹ́ fìtílà ní Abẹ́òkúta lè di ohun tí ìyá arúgbó kan ń kà ní abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò sì torí rẹ̀ fa ṣílè yọ nínú àpò.

Kí 1852 tó dé, ọkọ̀ tí ó bá rí àyè ni ó ń gbé lẹ́tà. Ní ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọkọ̀ eléèéfín wá sí etíkun wa lóṣooṣù. Bẹ́ẹ̀ náà, bí o bá béèrè ọ̀ràn láti Èkó, ó lè ju oṣù méjì lọ kí èsì tó dé ọwọ́ rẹ. Bí ilé bá ń jó, o kò lè dúró de Salisbury Square. Nítorí náà ẹni tí a bá rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe é, kí a tó wá ka àlàyé rẹ̀ níkẹyìn.

Venn kì í gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, àwa sì rò pé níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Òyìnbó ń kọ̀wé sí i, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà lábẹ́ òyìnbó náà sì ń kọ tiwọn lọ́tọ̀. Ní 1851 Henry Townsend àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta kọ̀wé pé kò yẹ kí a fi aláwọ̀ dúdú ṣe bíṣọ́ọ̀bù lé àwọn lórí. Ẹni tí wọ́n ń bá wí ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní ọdún kejì, tí ó sì di àlùfáà ní 1843. Venn ti mọ Crowther nínú ìwé àti lójúkojú, nítorí Crowther wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1851 kan náà, ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Ní ọjọ́ 29 oṣù Okúdù ọdún 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ṣùgbọ́n Townsend kò pòfo pátápátá: wọ́n yọ Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kúrò lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Yorùbá náà, wọ́n fún un ní Odò Ọya àti àwọn ilẹ̀ tí ó jìnnà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín oyè!

Kí a tó dé Odò Ọya, ẹ jẹ́ kí a yà sí Ìbàdàn díẹ̀. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1865, ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun dí. David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna há sí Ìbàdàn. Owó kò dé, ọjà kò dé, lẹ́tà pàápàá di góòlù. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ní 1865 ni Glover tí ń ṣàkóso Èkó rán ènìyàn gba inú igbó lọ gbé ìyáàfin náà jáde. Nígbà tí tọkọtaya náà fi ìlú sílẹ̀ ní 1869, Daniel Olúbí ni ó di iṣẹ́ mú, pẹ̀lú Samuel Johnson tí ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, iṣẹ́ kò sì bàjẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti jọ jẹun nínú ìyàn kan náà. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá dákẹ́, wọ́n ní ara wọn. (Johnson yìí náà ni ó kọ ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí. Ní 1899 wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ oníwàásù kan fi ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù bí ẹni pé òkun gbé e mì. Àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó kù, ìyẹn ni ó jáde ní 1921. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ ìwádìí yín pamọ́ sí ojú kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ o.)

Ti Odò Ọya yàtọ̀. Ní 1857 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Crowther bá Baikie gun odò nínú ọkọ̀ Dayspring, tí ó sì fi J. C. Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sàró, sílẹ̀ ní Onitsha. Lẹ́yìn náà ni Lọ́kọ́jà, Bonny àti Brass tẹ̀ lé e. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo òṣìṣẹ́ náà láti òkè dé ilẹ̀, Sàró ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ C.M.S. ní apá ibí yìí, Venn sì ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Èkó ni bíṣọ́ọ̀bù ń gbé. Ìgbà tí omi bá kún, láti nǹkan bí oṣù Agẹmọ títí di Ọ̀wàrà, ni ọkọ̀ eléèéfín ń lè gun òkè odò dáadáa. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti ìjọ, ti oníṣòwò ni. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní ó yá, ó yá nìyẹn. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn òṣìṣẹ́ òkè odò ń rí ọ̀gá wọn, ọjọ́ mélòó kan ni yóò sì lò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Láàrin àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni yóò gbọ́ ẹjọ́, tí yóò wo ìwé ìṣirò, tí yóò gbé ọwọ́ lé onígbàgbọ́ tuntun lórí, tí yóò kí ọba ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé láàrin ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè wọn, owó oṣù kéré, oúnjẹ àti aṣọ ń gbẹ́yìn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ṣé a kò ní ṣe é?

Ewu náà kò mọ níwọ̀n. Ní 1867 ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú Crowther àti ọmọ rẹ̀ Dandeson mọ́lẹ̀ lójú odò, ó ní kí wọ́n san owó ìràpadà. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà, lọ gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró pa òun.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni ó mọ́. Ní 1878, ní Onitsha, òṣìṣẹ́ ìjọ lọ́wọ́ nínú lílù tí wọ́n lu ọmọbìnrin ìránṣẹ́ kan títí ó fi kú. Ó tó ọdún mélòó kan kí ẹjọ́ náà tó dé kóòtù ní Sàró, níbi tí wọ́n ti dá wọn lẹ́bi. Kò sí àwíjàre fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn lè bo ẹni rere mọ́lẹ̀ kí a má mọ ìjìyà rẹ̀, ó sì lè bo ẹni búburú. Crowther jẹ́ oníwà tútù, ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lò bí baba. A gbà pé ó yẹ kí ó tètè lé àwọn kan. A tún gbà pé ẹni tí ó ń rí òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní ohun púpọ̀ ju ìwà tútù àti ìdáríjì tí ó lè fi dá iṣẹ́ dúró.

Nígbà náà Venn ti kú, àwọn tí ó jókòó sí àga rẹ̀ kò mọ Crowther bí ó ti mọ̀ ọ́n. Ní 1878 C.M.S. fi ọkọ̀ eléèéfín ránṣẹ́ sí odò náà, ohun tí ìbá ti yanjú ìṣòro bíṣọ́ọ̀bù tipẹ́. Henry Venn ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ní 1879 wọ́n fi òyìnbó kan ṣe olórí ọkọ̀ àti owó, tí ó fi jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ń tọrọ àyè nínú ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1880 wọ́n rán J. B. Wood láti Èkó lọ wo ibùdó wọ̀nyí. Ìwé tí ó kọ burú jáì nípa àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn kò rí àyè láti wí tẹnu wọn, kò sì kọ́kọ́ fi í han Crowther. Ẹ rántí pé nígbà Venn, lẹ́tà méjì ni í dé lórí ọ̀rọ̀ kan. Báyìí ẹyọ kan ni wọ́n ń kà.

Ìparí rẹ̀ dé ní oṣù Ògún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ní Onitsha. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tuntun ti dé: F. N. Eden tí ó jẹ́ akọ̀wé, J. A. Robinson, àti Graham Wilmot Brooke tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Crowther, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni alága. Lójú rẹ̀ ni Eden ti ní òun dá àwọn àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́, Dandeson ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ àṣídíákónì wà nínú wọn. Bàbá náà bi í léèrè pé agbára wo ni akọ̀wé fi ń dá àlùfáà dúró láìbi bíṣọ́ọ̀bù, kò rí èsì tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 1891 ó kú ní Èkó.

Àwọn tí ó tú iṣẹ́ náà ká kò pẹ́ níbẹ̀. Robinson kú ní Lọ́kọ́jà ní 1891, Brooke náà kú níbẹ̀ ní 1892. Ní ọdún 1892 yẹn ni Dandeson àti àwọn ìjọ Bonny àti Brass ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n ń fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà ara wọn, ohun tí Venn ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Okúdù 2014, tí ó pé 150 ọdún tí Crowther joyè, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby darí ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Àwọn lẹ́tà náà wà síbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé C.M.S. ayé ìgbà náà wà ní ibi ìkówèésí Cadbury ní Yunifásítì Birmingham, tìrẹsì tìrẹsì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ènìyàn wa fúnra wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní Birmingham, ẹ kọ̀wé síbẹ̀ ṣáájú kí wọ́n lè mú àwọn ìwé náà jáde fún yín, kí ẹ sì mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, nítorí wọn kì í gba gègé oníyíǹkì láàyè.