Láti Ìdánwò London Dé Ìdánwò JAMB: Ìtàn Bí A Ti Ń Mú Ọmọ Gbára Dì fún Yunifásítì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, tí ó ń ba òbí àti ọmọ nínú jẹ́ lọ́dọọdún, ti tó ohun tí a ń wo ẹ̀yìn sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí a dá JAMB sílẹ̀ ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé, bí ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ náà dání tilẹ̀ ń yí padà, ohun kan kò yí padà: àwọn aláṣẹ a máa ṣètò ìdánwò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mímú ọmọ gbára dì fún un, ọwọ́ olùkọ́, ẹbí àti ará ìlú ni wọ́n fi í sí. Ibi tí ọwọ́ wọ̀nyí bá ti kúrú, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọsẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù June ọdún 1859 ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kàwé tán níbẹ̀ kò rí yunifásítì kankan nítòsí. Ibi tí ojú ń wò ni Fourah Bay College ní Freetown, tí a dá sílẹ̀ ní 1827, tí ó sì so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní 1876, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi lè gba oyè Durham láìkúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nà yìí ni Alexander Babatunde Akinyẹle gbà tí ó fi di ọmọ Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí ó gba oyè yunifásítì. Kí ni ó fi oyè náà ṣe? Ó padà sílé, ó sì dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó ti la ọ̀nà kọjá ni ó padà wá fa àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́.

Ní ayé ìgbà náà, ìdánwò tí ó ṣí ọ̀nà sí ẹ̀kọ́ gíga kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ti Yunifásítì London wà, tí a ń pè ní Matriculation. Ti Cambridge náà wà, tí àwọn ọmọ girama fi ń parí ẹ̀kọ́ wọn. Òkè òkun ni a ti ń kọ ìbéèrè. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ìdáhùn padà lọ fún àwọn tí yóò máàkì wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ẹ̀gbá ń há ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ́ Látìn, èdè tí a kò fi ná ọjà níbì kankan mọ́. Àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ọ́fíìsì tí wọn kò lè padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ a máa gba ẹ̀kọ́ láti Wolsey Hall ní Oxford, tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń mú dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí iṣẹ́ ọ̀sán bá parí, iṣẹ́ àtùpà a bẹ̀rẹ̀. Irú ìforítì bẹ́ẹ̀ ni Ọbafẹmi Awolọwọ fi gba oyè B.Com. ti London ní 1944, kí ó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin ní Ìlú Ọba. Òótọ́ ni pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: àwọn tí kò ní àáké rárá ńkọ́?

Ní 1934 ni ìjọba ṣí Higher College ní Yábàá. Ìwọ̀nba ọmọ tí ìjọba lè fún ní iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n sì ń fún wọn kì í ṣe oyè yunifásítì. Èyí bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó wà lára ohun tí ó mú wọn dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá kí University College tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí a kó wá láti Yábàá. Oyè London ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ títí di 1962. Ẹni tí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí Higher School lè wọlé tààrà. Ẹni tí kò bá ní in yóò ṣe ìdánwò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fúnra rẹ̀ ṣètò. Níwọ̀n bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kíláàsì Higher School kò ti pọ̀, ibi tí a bí ọmọ sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu ẹnu ọ̀nà tí yóò bá wọlé.

Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀kùn ń pọ̀ sí i. A dá WAEC sílẹ̀ ní 1952, kí ìdánwò ìparí girama lè bọ́ sí ọwọ́ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní January 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Yunifásítì Nsukka ṣí ní 1960. Ti Ifẹ̀, Èkó àti Zaria tẹ̀ lé e ní 1962. Ṣùgbọ́n yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ọmọ bí ó ti wù ú. Ọmọ kan a ra fọ́ọ̀mù ní ibi mẹ́ta, àyè a bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ibi méjì, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ kò rí ẹyọ kan. Láti tún èyí ṣe ni ìjọba àpapọ̀ fi dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Ètò náà dára ní èrò: ìdánwò kan náà fún ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ tálákà.

Ǹjẹ́ ìdánwò kan náà túmọ̀ sí ìgbáradì kan náà bí? Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ó wà níwájú ọmọ lónìí. Ó ní láti yege dáadáa nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún ní WAEC tàbí NECO. Lẹ́yìn náà yóò yan ẹ̀kọ́ mẹ́rin fún JAMB, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Bí ó bá fẹ́ di oníṣègùn, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Báyọ́lọ́jì ni yóò fi kún un. Bí ó bá ṣi ọ̀kan yàn, máàkì tí ó ga kò lè gbà á. Ìbéèrè 180 ni yóò dáhùn ní wákàtí 2, èyí tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 40 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo èyí ti ń wáyé. Láti 2005 sì ni àwọn yunifásítì ti tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ti JAMB.

Ọmọ tí òbí rẹ̀ mọ̀wé, tí kọ̀ǹpútà wà nílé rẹ̀, tí ó sì ń san owó lẹ́sìnnì, ti mọ gbogbo èyí ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ àgbẹ̀ lè ní làákàyè jù ú lọ, kí ó má sì tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Nígbà tí ó bá ń wá lẹ́tà A kiri, ìṣẹ́jú àáyá 40 rẹ̀ ti tán. Àwọn ènìyàn a wí pé ó yọ̀lẹ. Àwọn mìíràn a fà á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn, tí wọ́n fi àbùkù sọ lórúkọ iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tí a bá fi olè gbé wọ yunifásítì, ta ni yóò bá a ka ìwé nígbà tí ó bá débẹ̀?

Àwọn kan ní kí a fagi lé ìdánwò náà. Èmi kò rí bí ìyẹn yóò ṣe ran ọmọ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Bí a kò bá fi ìdánwò yan ènìyàn, mímọ ẹni-ńlá ni a ó fi yàn án, òun kò sì mọ ẹnìkankan. Ohun tí ó ṣe aláìní ni ẹni tí yóò mú un gbára dì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Àwa tí a wà nínú yunifásítì ti la ẹnubodè náà kọjá, kò sì tíì pẹ́ tí a fi lè gbàgbé ibi tí òkúta wà lójú ọ̀nà. Bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó súnmọ́ ọn jù. Kí a fi ìbéèrè àtijọ́ kọ́ àwọn ọmọ náà. Kí a jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń yan ẹ̀kọ́ wọn. Bí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bá wà ní ìlú, kí a bẹ ẹni tí ó ni ín pé kí ó jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ ọwọ́. Kí a sì máa fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá dí mọ́ wọn lójú, nítorí èyí ni ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ tiwa ní ju ẹgbẹ́ mìíràn lọ.

London lọ, Cambridge lọ, ọ̀nà tí JAMB ń gbà ṣe ìdánwò náà yóò sì tún yí padà. Iṣẹ́ tí Akinyẹle padà wá ṣe ní Ìbàdàn kò tíì parí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ tiwa kún un.