Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Ìtọ́jú Ọmọ Bí Yìgì Bá Tú

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, yìgì lè tú, ṣùgbọ́n ọmọ kò tú mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yẹ kí á mọ bí àwọn tó ṣáájú ṣe ń ṣírò ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nínú Súrátul-Bákárà (2:233), Ọlọ́hun gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lé bàbá lọ́rùn. Súrátut-Tàlák (65:7) sì fi agbára bàbá ṣe òṣùwọ̀n: ti olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Nígbà tí Hindu, aya Abu Sufyan, fẹjọ́ ahun ọkọ rẹ̀ sun Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó yọ̀ǹda kí ó mú èyí tó tó òun àti ọmọ rẹ̀, láìṣe àṣejù. Àìní ọmọ àti agbára bàbá, òṣùwọ̀n méjì nìyẹn. Nínú ìlànà Málíkì tí à ń tẹ̀lé, bàbá ni yóò bọ́ ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà tí yóò sì lè ṣiṣẹ́, àti ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ.

Nílẹ̀ wa, òyìnbó gbé òfin kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kalẹ̀ ní 1914. Kọ́ọ̀tù náà wà lára ohun tó bí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò nínú tí wọ́n fi jà ní 1916. Síbẹ̀ kọ́ọ̀tù kò lọ. Òfin Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957 ní ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 2006, sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Àmọ́ iye kan pàtó kò sí. Adájọ́ yóò bi bàbá léèrè iṣẹ́ rẹ̀, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, kí ó tó dá iye tí yóò máa san lóṣooṣù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń gba pọ́n-ùn 200 sí 800 lọ́sẹ̀ ń san 12 nínú 100 lórí ọmọ kan, 16 lórí méjì, 19 lórí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò yìí rọrùn fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Àgbẹ̀ Ṣakí tí ń retí ìkórè iṣu ńkọ́? Bí gàárì bá wọ́n, náírà tí wọ́n dá lésìí kò lè yó ọmọ lọ́dún yìí.

Khalil, nínú Mukhtasar tí à ń kà ní ilé kéú, ti tọ́ka ọ̀nà: nígbà tó ń sọ nípa bíbọ́ ìyàwó, ọkà, òróró, igi ìdáná, iyọ̀ àti ẹran ló kà. Nítorí náà, kí àwọn ẹbí méjèèjì jókòó níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n kọ ìwọ̀n oúnjẹ, aṣọ, owó ilé ìwé àti ti oògùn sílẹ̀. Bí ọjà bá yí, kí iye owó náà yí. Ọlọ́hun yóò bi oníkálukú léèrè ẹni tí ó fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.