Èjìgbò Wo Ni? Ìtàn Àgádágodo Orí Ayélujára

Ní ọdún 2022, mo wà ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Abidjan ti dé sí ilé-ìfowópamọ́, kí ó tẹ ibì kan, kí ó sì kọ nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀ síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró ná.

"Àbúrò mi, kí ni ìwọ ń bẹ̀rù? Wo àgádágodo lókè níbẹ̀. Àwọn ọmọ ní bí a bá ti rí i, kò séwu."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni, àgádágodo wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìdí tí mo fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, ọ̀nà ìtàn ni n ó sì gbà.

Kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà mọ́ ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí fà wà nínú ẹẹ́fà. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé a jọ wà ní ìṣọ̀kan, nítorí jọ wà nínú ẹẹ́jọ. Ẹni tí kò mọ àdììtú rẹ̀ kò rí ju owó ẹyọ lọ. Ṣùgbọ́n àṣírí nìkan kò tó. Bí ọba bá rán ikọ̀ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, a máa fi ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́, kí ẹni tí a rán an sí lè mọ̀ dájú ibi tí iṣẹ́ náà ti wá. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí: pípa àṣírí mọ́ lójú ọ̀nà, àti mímọ ẹni tí ó wà ní òpin ọ̀nà.

Ará Èjìgbò mọ ìtumọ̀ ọ̀nà jíjìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ ìlú náà àti ti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní Èjìgbò títí dòní. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi rán èrò ọkọ̀ ní láti la Ghana, Togo àti Benin kọjá. Bí a kò bá lẹ̀ ẹ́ pa, ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà lè kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ayélujára rí níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá kọ ń gba inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọjá, ẹni tí ó bá lúgọ sójú ọ̀nà sì lè kà á. Ní ọdún 1995, iléeṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà SSL jáde, èyí tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di àdììtú lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1999, TLS rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà S tí ó parí HTTPS ni àmì rẹ̀, àgádágodo sì ni àwòrán rẹ̀. Ojú-òpó kọ̀ọ̀kan a sì máa fi ìwé-ẹ̀rí kan hàn, èyí tí ó dà bí ọ̀pá àṣẹ.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyí kò jẹ́rìí ju pé ẹni tí ó gbà á ni àdírẹ́sì náà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Wọn kò jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Láti òpin ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ayé jàǹfààní rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ náà ń gbà á. Ní ọdún 2019, FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a má ṣe tìtorí àgádágodo nìkan gbẹ́kẹ̀ lé ojú-òpó. Nínú ìwádìí tí Google ṣe ní ọdún 2021, ènìyàn 11 péré nínú 100 ni ó mọ ìtumọ̀ àwòrán náà gan-an. Ní ọdún 2023, wọ́n yọ ọ́ kúrò lókè Chrome. Fún èmi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ̀kọ́ ńlá ni: àmì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì túmọ̀ lè ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Báwo wá ni a ṣe ń ka orúkọ? Èjìgbò méjì ni ó wà: ọ̀kan ní Ọ̀ṣun, ọ̀kan ní Èkó. Bí a bá kọ "Èjìgbò" sára lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni yóò sọ èyí tí a ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́sì ayélujára. Ẹ fi ìlà dídagun méjì tí ó tẹ̀lé HTTPS sílẹ̀, ẹ wá ìlà dídagun tí ó kàn, kí ẹ sì máa ka orúkọ láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kángun síbẹ̀ ni ó ni ilé. Lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ ilé-ìfowópamọ́ náà ni ó ṣíwájú, ṣùgbọ́n orúkọ tí a kò mọ̀ rí ni ó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. "Èjìgbò wo wá ni èyí?" Ó pe ọmọ rẹ̀ ní Abidjan. Ọmọ náà kò fi owó kankan ránṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ojú-òpó kò bá ní HTTPS, ẹ má kọ àṣírí kankan síbẹ̀. Bí ó bá ní i, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà nìkan ni a tì; ẹ ṣì ní láti bi onílé ní orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ìyá àti bàbá yín nílé bẹ́ẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.