Iṣẹ́ tí a Rán Ẹ̀rọ

Láti ìgbà kọ̀ǹpútà UNIVAC I, ní ọdún 1951, ni a ti mọ̀ pé ìṣirò lè bí iye tí àyè rẹ̀ kò gbà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ náà a lọ jẹ́ àṣẹ àtúnṣe tí a ti kọ dè é, tàbí kí ó dúró pátápátá. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ àṣẹ ni yíyàn wà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra ní Kourou, ní Guyana ilẹ̀ Faransé. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi fọ́ túútúú. Kọ̀ǹpútà tí ń tọ́ ọ sọ́nà fẹ́ kó iye kan sínú àyè tí kò gbà ju 32,767 lọ. Àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ti gbà pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ nìkan ni ó lè fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀; wọ́n pàṣẹ pé kí ó pa ara rẹ̀, kí ìkejì rẹ̀ gba iṣẹ́. Àṣẹ kan náà ni ó wà nínú ìkejì. Òun ni ó tilẹ̀ kọ́kọ́ kú. Ìṣirò ọ̀hún, ogún Ariane 4, kò sì wúlò mọ́ lẹ́yìn ìgbéra.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn: bí a ṣe rán an ni yóò jẹ́ ẹ.