Ta ló fọwọ́ kàn án, ìgbà wo ni? Ìtàn àkọsílẹ̀ ẹ̀rí, láti ilé ẹjọ́ Accra dé inú cluster kọ̀ǹpútà

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ghana ló jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Accra ń gbọ́ ẹjọ́ tó tako èsì ìdìbò ààrẹ ọdún 2012, wọ́n sì ń gbé ìgbẹ́jọ́ náà sáfẹ́fẹ́ ní tààràtà. Nana Akufo-Addo, Mahamudu Bawumia àti Jake Obetsebi-Lamptey ló pe ẹjọ́ náà. Wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n kéde John Mahama pé òun ló jáwé olúborí.

Ìwé ni ẹjọ́ náà dá lé. Ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ tó ń darí ètò gbọ́dọ̀ kọ iye ìbò sórí ìwé kan, kó sì fọwọ́ sí i. 'Pink sheet' ni àwọn ará Ghana ń pe ìwé náà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Bí àwọn agbẹjọ́rò ṣe ń da ìbéèrè bo Bawumia, èsì kan náà ló ń tẹnu mọ́: òun kò sí níbẹ̀, agbẹjọ́rò náà kò sí níbẹ̀, ohun tó wà lójú ìwé ni ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ yìí di àṣà ẹnu nígboro Accra.

Àríyànjiyàn wáyé lórí iye ìwé tí wọ́n kó wá sílé ẹjọ́ pàápàá, débi pé wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ KPMG bá wọn kà á. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ilé ẹjọ́ da ẹ̀sùn náà nù. Àmọ́ ìbéèrè tó bí ẹjọ́ náà kò tíì lọ: nígbà tí ẹni tó fẹ́ ṣèdájọ́ kò sí níbẹ̀, kí ni yóò sọ fún un ẹni tó ṣe iṣẹ́, ìgbà tó ṣe é, àti ohun tó fọwọ́ kàn?

Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń bi ara wọn lónìí. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìdáhùn rẹ̀ ni audit log.

Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ wọ Accra ní àárín ọdún 1990 sí 1999, ilé iṣẹ́ Network Computer Systems wà lára àwọn tó ṣíwájú. Nii Quaynor ló dá a sílẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Digital Equipment Corporation ní Amẹ́ríkà kó tó padà wálé, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní bàbá íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà.

Nígbà náà, server jẹ́ ohun tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Ó wà nínú yàrá kan, yàrá náà ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn náà ní kọ́kọ́rọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́, àwọn tó lè wọlé kò ju ìwọ̀nba lọ, gbogbo wọn sì mọ ara wọn.

Quaynor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ AfNOG sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Áfíríkà bí wọ́n ṣe lè darí server àti ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà fúnra wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town lọ́dún 2000, wọ́n wá sí Accra lọ́dún 2001, wọ́n sì lọ sí Lomé lọ́dún 2002.

Kọ̀ntéénà tí kò gba èbúté Tema

Ọ̀rọ̀ wá yí padà lọ́dún 2013, ọdún ẹjọ́ 'pink sheet' gan-an. Ní oṣù Kẹta, Solomon Hykes ṣàfihàn irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Docker níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní California.

Ẹni tó bá mọ èbúté Tema tàbí Apapa kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Kí kọ̀ntéénà tó dé, ẹrù kọ̀ọ̀kan ni àwọn alágbàáṣe ń fi ọwọ́ àti èjìká já. Kọ̀ntéénà mú kí ọkọ̀ òkun, ọkọ̀ ojú irin àti tírélà lè gbé ẹrù kan náà láì tú u. Docker àti irú rẹ̀ ṣe bákan náà fún iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà: wọ́n di ètò kan pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yòówù.

Àmọ́ kọ̀ntéénà kan kì í dá èbúté sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá di ẹgbẹ̀rún, ta ló ń sọ èyí tó máa lọ síbí, èyí tó máa lọ sọ́hùn-ún? Google gbé Kubernetes jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2014 láti dáhùn ìbéèrè yẹn. Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni atukọ̀.

Kubernetes máa ń so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Èyí ni wọ́n ń pè ní cluster. Ibi tí àṣẹ ti ń jáde nínú rẹ̀ ni control plane. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ API server, tí gbogbo ìbéèrè gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ó ní àpótí ìrántí tó ń jẹ́ etcd, níbi tí ipò gbogbo nǹkan wà. Ó ní ẹ̀ka tó ń pín iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ó sì ní èyí tó ń ṣọ́ bóyá ohun tí a pàṣẹ ni ó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá di control plane mú, ó ti di gbogbo cluster mú. Kò sí yàrá kankan tó nílò láti wọ̀.

Iye tí ó yẹ kí ìwé ẹ̀rí sọ

Nítorí pé gbogbo ìbéèrè ń gba ọ̀dọ̀ API server, ibẹ̀ ni akọ̀wé lè jókòó sí. Láti ọdún 2017 ni Kubernetes ti ní ọ̀nà tuntun láti kọ audit log, tí alábòójútó fi lè yan bí àkọsílẹ̀ náà ṣe máa jinlẹ̀ tó. Ìpele mẹ́rin ló wà:

• None: má kọ ohunkóhun.
• Metadata: kọ ẹni tó béèrè, àkókò, ohun tó fọwọ́ kàn àti irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n má kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.
• Request: kọ gbogbo ìyẹn, kí o fi ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè kún un.
• RequestResponse: fi èsì tí control plane fọ̀ kún un pẹ̀lú.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé, nínú cluster tí ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀, akọ̀wé yìí kì í dá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí alábòójútó kò bá fún un ní fáìlì òfin, kò ní kọ nǹkankan. Láti òkè ni ó sì ń ka òfin náà wá sílẹ̀: èyí tó bá kọ́kọ́ bá ìbéèrè mu ló máa tẹ̀lé. Bí 'má kọ ohunkóhun' bá wà lókè fún gbogbo ènìyàn, òfin tó dára jù lọ nísàlẹ̀ kò wúlò.

Ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní cluster náà yàtọ̀ síra. Lọ́dọ̀ Google, àkọsílẹ̀ àtúnṣe tí alábòójútó bá ṣe máa ń wà ní títàn nígbà gbogbo. Lọ́dọ̀ Amazon, oníbàárà gbọ́dọ̀ tan àkọsílẹ̀ control plane fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ̀ olè lórí àpáta

Àwọn àgbà ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Ọdún 2018 fi èyí han gbogbo ayé.

Ní oṣù Kejì ọdún náà, ilé iṣẹ́ ààbò RedLock kéde pé àwọn ọ̀daràn ti wọ cluster Kubernetes tí Tesla ń lò. Ojú ewé tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ kò ní password rárá. Ńṣe ni àwọn ọ̀daràn náà ń fi agbára kọ̀ǹpútà Tesla wa owó orí ayélujára.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, àwọn tó ń ṣe Kubernetes fúnra wọn kéde ihò kan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń jẹ́ CVE-2018-1002105. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè gba ọ̀nà ìsopọ̀ tí API server ti ṣí sílẹ̀ fi àṣẹ tí kò tọ́ sí i ránṣẹ́. Nítorí pé ìsopọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn àṣẹ náà kì í hàn nínú audit log. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó kí wọ́n tó dí i, ó ṣòro láti mọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ìwé kò bá sọ nǹkankan, ìyẹn kò fi hàn pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn máa tún Kubernetes rẹ̀ ṣe lásìkò, kó sì máa fi audit log ránṣẹ́ síbòmíràn tí ẹni tó bá gba control plane kò ní lè pa á rẹ́.

Accra, owó orí fóònù àti wáyà abẹ́ òkun

Ọdún 2018 yìí kan náà ni Ghana so àwọn ètò owó orí fóònù pọ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, tí oníbàárà ilé iṣẹ́ kan fi lè fowó ránṣẹ́ sí ti òmíràn. Ní oṣù Kẹwàá, Bank of Ghana gbé ìlànà ààbò orí ayélujára jáde fún àwọn báńkì. Òfin tó dáàbò bo àkọsílẹ̀ ará ìlú ti wà láti ọdún 2012, òfin ààbò ayélujára sì tẹ̀lé e lọ́dún 2020.

Fún ìyá tó ń ta ẹja ní Makola, gbogbo èyí já sí ìbéèrè kan: bí owó òun bá sọnù, ǹjẹ́ ẹnìkan lè fi hàn án ẹni tó mú un?

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024 dé. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Ghana, Nàìjíríà, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àjọ NCA ti Ghana sì sọ pé àtúnṣe yóò gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó kéré tán.

Ọjọ́ yẹn rán àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ létí ibi tí control plane wọn wà. Bí ó bá wà ní Yúróòpù tàbí South Africa tí ọ̀nà sì dí, àwọn kọ̀ntéénà tó ti ń ṣiṣẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Accra kò ní lè pàṣẹ tuntun, kò sì ní lè ka ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Ta ni ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn Yorùbá tó gbé Ghana mọ agbára àkọsílẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti ìlú mìíràn, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ pé Ghana ni wọ́n bí wọn sí, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìgbélùú, ìwé sì ni ìjọba béèrè.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a sáà máa kọ gbogbo nǹkan. Àkọsílẹ̀ tó bá pọ̀ jù náà léwu: bí a bá fi ìpele RequestResponse sórí ibi tí àṣírí wà, password àwọn èèyàn yóò wà nínú audit log fún ẹni tó bá lè kà á. Metadata tó fún irú ibẹ̀. Ó sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án àti ìgbà tó jẹ́, kò sì tú àṣírí náà síta.

Ohun tí 'pink sheet' ń béèrè náà nìyẹn: ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́, bóyá ó fọwọ́ sí i, àti ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Alábòójútó tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wàhálà tó dé ti pèsè ẹ̀rí fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí owó ti lọ kó tó wá tan audit log, kò ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá nínú rẹ̀.